Ẹni Tó Ń Ṣe Àmín Lórí Òkè

Ẹsẹ̀ Ọláolúwa mọ́ jù. Ohun tí Olúfúnkẹ́ kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè. Òjò kò dáwọ́ dúró láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ti gbéra. Àdúgbò wọn ní Adó ti di ẹrẹ̀ pupa, àwọn ọlọ́kadà pàápàá ń sọ̀ kalẹ̀ ti ọ̀kadà wọn ni. Ọkùnrin náà kò wọ bàtà, síbẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti ọmọ tuntun tí wọn kò tí ì gbé sílẹ̀ rí.

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Bàtà yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ."

Ohùn Ọláolúwa ni, ojú Ọláolúwa sì ni. Olúfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí Olúwa tó mú ọkọ òun lọ tó sì mú un bọ̀ má ṣe jẹ́ kí... Kò tí ì sọ ohun tí kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ tí ọkùnrin náà fi dáhùn pé, "Àmín."

Ìbínú ni obìnrin yìí ti ń bá sùn tó sì ń bá jí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Wòlíì Adéjọbí ló sì ń bínú sí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò lo "wọ́n" fún wòlíì. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Iṣẹ́ táìsì ni Ọláolúwa ń ṣe. Kò sí apá ibi tí kò ti lẹ táìsì mọ́lẹ̀ nílé onílé ní Adó, ṣùgbọ́n yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà, sìmẹ́ǹtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn náà sì ti sán. Ilé tirẹ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Wòlíì wá ní Ọlọ́run ti gbọ́, ó ku kó lọ gbà á lórí Òkè Olówìrì, lẹ́yìn ìlú Ìjan. Ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹun, láìmú fóònù dání, òun nìkan.

"Òun nìkan ṣá?" Olúfúnkẹ́ bi í níṣojú gbogbo ìjọ. "Nínú òjò yìí? Lórí àpáta tó ń yọ̀? Orúnkún ọ̀tún ọkọ mi kò gbé e dáadáa, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá. Tó bá ṣubú ńkọ́, sà? Ta ló máa gbọ́?"

"Arábìnrin, Mósè dá gun òkè ni."

Ìjọ hó gèè. Wòlíì tó ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gun Òkè Olówìrì lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé báàgì rẹ̀, ẹnìkan di agboòrùn mú lé e lórí, ẹnìkẹta ń fà á lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rántí Mósè lọ́jọ́ yẹn. Àwọn baba wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, àmọ́ tó bá di ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sínú ewu, wọ́n á gbàgbé gbogbo òwe.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, Olúfúnkẹ́ gbé iyán síwájú ọkọ rẹ̀. Ọláolúwa tí gbogbo wa mọ̀, àdúrà oúnjẹ rẹ̀ a máa gùn títí ọbẹ̀ yóò fi tutù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ gbàdúrà ká jẹun."

"Ìwọ gbà á. Màá ṣe àmín."

Olúfúnkẹ́ wo ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iyán. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ ọmọ ìka Ọláolúwa láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, gbogbo rẹ̀ ló sán, kò sí ìpara tí kò tíì fi pa á. Ọwọ́ yìí jọ̀lọ̀. Kò sí àpá kan lára rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ìlà nínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ìgbà wo lẹ̀yin náà máa wá gbàdúrà?" Olúfúnkẹ́ bi í.

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ọkùnrin náà rọra wí. "Wòlíì ní kí n wá jẹ́rìí, kí n sì gbàdúrà fún ìjọ. Àwọn tó máa ṣe àmín máa pọ̀ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Olúfúnkẹ́ kò lè fọwọ́ kan iyán mọ́, orí àga ní pálọ̀ ló sì sùn mọ́jú.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta ló ti dé ọ̀dọ̀ Wòlíì. Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: ẹsẹ̀, ọwọ́, àmín tí kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Sà, ọkọ mi kọ́ ló padà wá."

Wòlíì rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn ìyá ìjọ tó wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Ògo ti wọ ara ọkọ rẹ̀, inú ń bí i. Lọ fi omi tútù bọ́jú, arábìnrin."

Àwọn ìyá ìjọ náà rẹ́rìn-ín. Inú bí Olúfúnkẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn aláìmọ̀kan wọ̀nyẹn sì rò pé ìrònúpìwàdà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó parọ́ pé inú ń run òun. Ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, ó lọ sí ìsìn. Bó ti pẹ́ kọ̀rọ̀ báyìí, Olúfúnkẹ́ gun ọ̀kadà, ó di Ìjan, ó gba ọ̀nà oko dé ẹsẹ̀ Òkè Olówìrì, níbi tí ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Adéṣẹwà ń dáko ẹ̀gẹ́ sí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó bá fẹ́ gun òkè ń bọ́ bàtà sí. Sáńdààsì Ọláolúwa wà lórí bẹ́ǹṣì níta, òjò ti rọ̀ kún inú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni aya rẹ̀?" Màmá bi í, kó tó kí wọn tán. "O pẹ́ o. Ibi tí mo jókòó sí yìí nìkan ni ọ̀nà gbà, kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Màmá, ó wà nílé."

Ìyá àgbà náà wò ó títí. "Ẹni tó wà ní ulé rẹ, èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo rán ọlọ́kadà sí Wòlíì yín ní Ọjọ́bọ̀ pé ọmọkùnrin yìí ń ké lókè, kí wọ́n wá wò ó. Ó ní uṣẹ́ Olúwa ló ń ṣe, kí n má dí i lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ìyẹn. Ó ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Olúfúnkẹ́ ti mọ́tò ìjọ rí nínú ẹrẹ̀, ó ti fọ aṣọ pẹpẹ fún ọdún mẹ́fà, ọkùnrin tó ń fọṣọ fún sì gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ń ké lórí àpáta, ó ní kí wọ́n má dí i lọ́wọ́.

Màmá na ọwọ́ mú ọ̀pá wọn. "Láyé àwọn baba wa, èèyàn méjì méjì ló ń gun òkè yìí. Ọ̀kan á gbàdúrà, ìkejì á ṣe àmín. Ẹni tó bá dá gbà á, nǹkan mìíràn ni yóò ṣe àmín fún un. Bó bá sì ti ṣe é fún ọ, yóò ní kí ìwọ náà ṣe é fún òun."

"Kí ni òun ń tọrọ?"

"Jẹ́ ká lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, kó máa dùn mí lọ."

Wọ́n gun òkè náà díẹ̀díẹ̀. Àpáta ń yọ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ ewé, òórùn ilẹ̀ jíjẹrà sì gbalẹ̀. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí, Màmá, tí wọ́n ti béèrè orúkọ rẹ̀, yóò pe "Fúnkẹ́!" láti ẹ̀yìn, òun náà á dáhùn pé "Mà!" Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àpáta ti là sí méjì, Olúfúnkẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe pé, "Ọláolúwa!"

"Àmín," ẹnìkan wí nísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ohùn ti há.

Inú kòtò àpáta ló wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri òkúta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kán nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹrẹ̀ bò ó dé àyà, òjò tó ń kó jọ sínú kòtò ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Olúfúnkẹ́ yọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá mú. Ó sán. Gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ ló sán. Obìnrin náà gbé àwọn ìka náà sẹ́nu, ó bú sẹ́kún.

Màmá kò dúró wò wọ́n. Wọ́n ti padà sísàlẹ̀ lọ pe àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí pé kí wọ́n gbé pákó wá. Bí ẹnìkejì bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, ohun tí yóò ṣe náà nìyẹn.

"Fúnkẹ́, mo ké títí," Ọláolúwa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo yọ̀ ṣubú. Mo wá ń gbàdúrà. Mo ní kí Olúwa fún mi nílé, ẹnìkan ní àmín. Inú mi dùn, mo rò pé èèyàn ti dé. Ó ṣe é fún mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó wá ní ó ti kan òun. N kò gbọ́ ohun tó ń tọrọ dáadáa, Fúnkẹ́. Àmín ti mọ́ mi lẹ́nu. Ó dánu dúró, mo ní àmín."

Olúfúnkẹ́ fa fóònù yọ, ó pe Wòlíì. Wòlíì gbé e. Kì í kọ ìpè, ìbáà jẹ́ orí pẹpẹ ló wà.

"Wòlíì! Ọkọ mi rèé lórí òkè! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán! Ẹ sọ fún ìjọ, ẹ rán mọ́tò wá!"

"Arábìnrin, sinmi ariwo. Ọkọ rẹ rèé níwájú mi, ó di máìkì mú. Gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Ohùn náà wọlé láti inú fóònù, ó lọ sílẹ̀, ó ń yára. Ìjọ kò tẹ́tí sí ohun tó ń wí. Ibi tó bá ti máa dánu dúró ni wọ́n ń dúró dè, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jọ́ gbogbo. Olúfúnkẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

"Àwa tí a pọ̀ lórí òkè," ohùn náà wí, "tí a kò nílé, tí a kò ní ara, tí ẹnikẹ́ni kò bí. Kí a rí ilé àwọn wọ̀nyí wọ̀. Kí a rí ara àwọn wọ̀nyí gbé wọ̀. Lónìí."

"Ẹ má ṣe é!" Olúfúnkẹ́ ké. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ohun tó ń wí! Ẹ má ṣe àmín!"

Ohùn náà dánu dúró.

Àmín tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ti Wòlíì ló sì ròkè jù. Olúfúnkẹ́ ju fóònù sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ètè Ọláolúwa ṣì ń gbìyànjú láti sọ ọ́.