Kọ́kọ́rọ́ Kànga Tó Wà Lọ́wọ́ Àyọ̀ká

"Olómi, ẹ ṣíjú àánú wò wá."

Ohun tí Mákindé ahunṣọ wí nìyẹn lówùúrọ̀ tó kọ́kọ́ gbé korobá wá sí kànga Ẹgbẹ́ Ìwà-Àgbà, n'Ísẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rín ò wọ́n.

Àyọ̀ká, tí kọ́kọ́rọ́ kànga so mọ́ etí ìró rẹ̀, wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ṣé o fẹ́ mu ún ni, àbí o fẹ́ fi rẹ òwú?"

"Òwú ni tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe rí ọ yìí, òùngbẹ ti ń gbẹ mí."

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Mákindé ló máa ń kẹ́yìn ìlà, kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ẹkún ló bí kànga yẹn. Ìyá Àyọ̀ká ṣubú lọ́nà odò, tòun ti oyún àti ìkòkò omi, kò sì dìde mọ́. Ọkọ rẹ̀, Sàlàkọ́ oníṣòwò aṣọ òkè, kó àgbà mẹ́fà jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: kí obìnrin má kú nítorí omi mọ́, kí àṣà bàbá wa má sì parun. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n rán ọmọ aláìní nílé ìwé, wọ́n bá opó sìnkú. Sàlàkọ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá rẹ nìyẹn. Má sọ ọ́ nù."

Sàlàkọ́ náà ló gbà kí Mákindé fẹ́ Àyọ̀ká. Mákindé ti ń hun aṣọ ìyàwó.

Àfi bí òṣèlú ṣe dé. Àwọn olóṣèlú rí i pé ẹni tó lomi ló lèèyàn, wọ́n sì wá tẹríba fún Ẹgbẹ́ Ìwà-Àgbà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983, ìdìbò ku oṣù mélòó kan, ẹgbẹ́ pàṣẹ pé ẹni tó bá ń mu omi àwọn, ibi táwọn bá dìbò sí ni yóò dì í sí.

Mákindé lẹ àwòrán ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn àgbà ò tì lẹ́yìn mọ́ òpó ilé òfì rẹ̀.

"Láti ọ̀la," Sàlàkọ́ wí, "ará ilé Mákindé kò gbọdọ̀ pọnmi ní kànga wa."

"Bàbá, àna mi ni wọ́n!"

"Àna tí ò bọ̀wọ̀ fágbà?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Mákindé dé. "Ìyàwó mi, ṣé o jí dáadáa? Ṣí i fún mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Sàlàkọ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wo Àyọ̀ká.

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Wọ́n ní... wọ́n ní kí n má ṣí i fún yín."

Ìyá náà kò bú u. Ó gbé korobá rẹ̀ rù, ó kọrí sọ́nà odò.

Nírọ̀lẹ́, Mákindé wá. Kò jókòó.

"Àyọ̀ká mi, mi ò bá bàbá rẹ jà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Kí ni kí n ṣe? Bàbá mi ni!"

"Ìyá tèmi náà nìyẹn."

Ó tú òfì rẹ̀, ó gba Ṣakí lọ, ó kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè wa. Kò padà.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún náà ni ológun gbàjọba. Òṣèlú dàwátì. Sàlàkọ́ fẹnu ara rẹ̀ wí pé, "Ṣí i fún gbogbo ayé." Gbogbo ayé wá, àfi ẹnì kan. Láràárọ̀ ni Ìyá Mákindé ń kọjá, a kí Àyọ̀ká, a bèèrè àlàáfíà ilé, ṣùgbọ́n kì í sọ korobá kalẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Àyọ̀ká tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, ó fi í sórí ẹní bàbá rẹ̀, ó gbé ìkòkò.

"Níbo lò ń lọ?"

"Odò, Bàbá."

Sàlàkọ́ mú kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́.

Àyọ̀ká sáré bá ìyá arúgbó náà lọ́nà. Ìyá yẹ̀ fún un, wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta, ìyá náà na ọwọ́ sí i.

"Rọra o, ọmọ Sàlàkọ́. Ibí yìí ni ìyá rẹ ti ṣubú."