Pè Mí Nígbà Tí Àyà Rẹ Bá Já

Tòmátò inú apẹ̀rẹ̀ mi mẹ́ta ni ó ti fọ́ pátápátá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Mutolib ní ọjà Mile 12, níbi tí mo ti ń tajà.

“Ọ̀gá awakọ̀, ṣé orí tòmátò mi lẹ sùn ni?”

“Ẹ má bínú, Aunty. Láti ìjẹta, n kò tíì sùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn ni ó ń gbé mì láti Kánò títí dé Èkó.

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ní kí ó kọ́kọ́ fi oògùn náà sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún tí ó ti fi í sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé lójú ọ̀nà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé hóró méjì mì.

Ìyá mi gbọ́. “Ràhmát, ọkùnrin yẹn kò ní ìpinnu!”

Èmi àti Mutolib lọ bá Nọ́ọ̀sì Adédiwúrà ní Kétu.

“Bí ìpayà bá dé,” nọ́ọ̀sì wí, “ara a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè mú kí ọpọlọ tí ó ti mọ oògùn yẹn tún máa bẹ̀bẹ̀ fún un, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan nígbà ìpayà.”

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, kí n má baà ṣì wọ́n gbọ́.

Lọ́nà ilé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìfẹ́ mi, nígbàkígbà tí àyà rẹ bá já, pè mí kí o tó ṣe ohunkóhun.”

“Bí o bá ń wẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́?”

“N óò fi ọwọ́ tí ó kún fún ọṣẹ gbé fóònù.”

Ó pè mí lọ́pọ̀ ìgbà. Oṣù mẹ́jọ kọjá láìsí hóró kan. Nígbà náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá tọrọ mi nílé wa ní Ìkòsì.

Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa. “Ṣé kí n fa ọmọ mi lé ẹni tí oògùn ń wà bí ọkọ̀ lọ́wọ́?”

Mutolib dìde, ó sì jáde.

“Ẹ ò rí i? Ó ti lọ gbé oògùn mì!” ni ìyá mi wí.

Fóònù mi dún lórí tábìlì. Mo gbé e, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

“Ìfẹ́ mi, ẹnu ọ̀nà yín ni mo wà. Àyà mi ń já. Oògùn yẹn ń pè mí, ìwọ ni mo pè.”

Ìyá mi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi.

“Mutolib.”

“Mà?”

“Wọlé wá jẹun. Kí o sì gba nọ́ńbà mi. Bí mo bá tún bú ọ lọ́jọ́ mìíràn, èmi ni kí o pè.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n so yìgì wa. Nọ́ńbà méjì ni ó wà lókè pátápátá nínú fóònù ọkọ mi: tèmi, àti ti ìyá mi.