Ibi Tí Bàtà Màmá Bá Wà

Fèyí nìyí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ilé wọn ò jìnnà sí ọgbà ìgbafẹ́ Mayesbrook Park, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ sí.

 Lọ́jọ́ Àìkú, Fèyí àti Màmá máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Barking.

Màmá ni ìyá Dádì. Irun wọn funfun. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn funfun. Bàtà wọn ńkọ́?

Bàtà wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé! Òdòdó funfun ńlá kan wà lórí ọ̀tún, ọ̀kan wà lórí òsì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. "Ilẹ̀ mímọ́ ni," Màmá máa ń sọ. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Pò! Pò!

Bàtà á wá tò lọ gbọọrọ. Bàtà ńlá. Bàtà kékeré. Bàtà tó ń dán. Bàtà tó ń rùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ń rùn lóòótọ́.

Tí Fèyí bá ń wá Màmá, bàtà ló máa ń kọ́kọ́ wá. "Bàtà aláwọ̀ ewé rèé! Màmá wà nínú ilé!"

Ibi tí bàtà Màmá bá wà, Màmá ò jìnnà.

Ní ọjọ́ kan, Dádì ní, "Màmá, ẹ máa pé àádọ́rin ọdún. Níbo lẹ fẹ́ ká gbé yín lọ?"

Màmá ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Gíríìsì ni. Mo fẹ́ rí Tẹsalóníkà. Mo fẹ́ rí Kọ́ríńtì. Ó pẹ́ tí mo ti ń kà nípa wọn nínú Bíbélì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí wọn."

"Ṣé áísì kíríìmù wà níbẹ̀?" ni Fèyí bèèrè.

"Bíbélì ò sọ ìyẹn fún mi," ni Màmá dáhùn. "A máa lọ wò ó."

Ni wọ́n bá gbéra! Dádì, Mọ́mì, Màmá àti Fèyí. Bàálù fò sókè. Wúùùùù!

Ní Tẹsalóníkà, Mọ́mì ń fa àpótí lọ lójú títì. Gbàgà-gbàgà-gbàgà. Lójijì, táyà àpótí yọ!

Táyà yí lọ. Ó yí lọ. Ó yí lọ. Ó kó sínú gọ́tà. Pọ́ọ́!

"Yéè! Àpótí mi o!" ni Mọ́mì ké.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ farabalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ara wa. Dámiláre ńkọ́?"

"Mo wà!" ni Dádì dáhùn. Dámiláre ni orúkọ Dádì.

"Ìyá Fèyí ńkọ́?"

"Mo wà, mà!" ni Mọ́mì dáhùn.

"Fèyí mi ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Èmi náà rèé," ni Màmá wí. "A pé! Táyà ló lọ, ènìyàn ò lọ."

Ara gbogbo wọn bá balẹ̀. Dádì gbé àpótí rù.

Ní Kọ́ríńtì, atẹ́gùn fẹ́. Fíììì! Ó gbé fìlà Dádì lọ. Fìlà fò kọjá igi, ó fò kọjá òrùlé, ó dàgbére fún wọn.

Orí Dádì ń dán yanran nínú oòrùn. Fèyí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ka ara wa," ni Màmá wí. "Dámiláre ńkọ́?"

"Mo wà, ṣùgbọ́n orí mi ń gbóná!"

"Ìyá Fèyí ńkọ́?"

"Mo wà, mà!"

"Fèyí mi ńkọ́?"

"Mo wà! Ha-ha! Mo wà!"

"Èmi náà rèé. A pé! Fìlà ló lọ, ènìyàn ò lọ."

Ní Áténì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ lọ wo ilé àtijọ́ tó wà lórí òkè. Bọ́ọ̀sì ń lọ. Ó ń lọ. Òkè ò dé.

Mọ́mì yọjú lójú fèrèsé. "Dádì Fèyí! Ẹ̀yìn wa ni òkè wà o!"

Ẹ ò rí nǹkan! Bọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n wọ̀. Ó gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja.

"Ṣé a pé?" ni Màmá bèèrè.

"A pé!" ni gbogbo wọn dáhùn.

"Ó dáa. Òkè ló lọ, ènìyàn ò lọ. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Wọ́n jẹ ẹja yíyan. Fèyí lá ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹja yẹn dùn ju òkè lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré kan. Omi yí i ká. Òkè kan wà láàárín rẹ̀.

Ilé àdúrà kéékèèké kún orí òkè náà. Funfun ni gbogbo wọn. Òrùlé wọn rí roboto, ó sì jẹ́ búlúù. Ọ̀kan jọ èkejì, èkejì jọ ẹ̀kẹta.

Áísì kíríìmù sì wà! Fèyí gba aláwọ̀ pupa. Ó ń lá a, ó ń mirí.

Púùùùùn! Ọkọ̀ fọn fèrè.

"Ọkọ̀ ń pè wá," ni Dádì wí. "Tó bá tún fọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń lọ nìyẹn. Òun ló sì kẹ́yìn lónìí."

"Èmi ni mo fẹ́ kà wá!" ni Fèyí wí. "Dádì ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Mọ́mì ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Èmi náà rèé. Màmá ńkọ́?"

Kò sí ìdáhùn.

"Màmá ńkọ́?"



Dádì wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Mọ́mì wo abẹ́ tábìlì. Kí ni Màmá fẹ́ máa ṣe lábẹ́ tábìlì? Ẹ̀rù ló bà á, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Dádì pe fóònù Màmá. Gírín! Gírín! Inú báàgì Mọ́mì ló ti ń dún.

"Ó tán!" ni Mọ́mì wí. "Èmi ni wọ́n fún pé kí n bá wọn mú un dání!"

Dádì káwọ́ lérí. "Màmá sọ fún mi o! Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ dúpẹ́ díẹ̀. Mò ń bá àpótí tí kò ní táyà jà. Mo kàn ń sọ pé, 'Ẹẹ́n, Màmá, ẹẹ́n.'"

"Wọ́n fẹ́ dúpẹ́ níbo?"

Wọ́n gbójú sókè. Ilé àdúrà wà lọ́tùn-ún. Ilé àdúrà wà lósì. Ilé àdúrà wà lókè téńté. Nínú èwo ni Màmá wà?

 Omijé kún ojú Fèyí. Áísì kíríìmù ń yọ́ sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ lá a mọ́.

Táyà kọ́ ló lọ báyìí. Fìlà kọ́. Màmá ni.

Fèyí fẹ́ sunkún. Ó wo ilẹ̀. Ó rí bàtà ara rẹ̀. Ó bá rántí ọjọ́ Àìkú.

"Dádì!" ni Fèyí ké. "Ẹ má wá Màmá! Bàtà ni kí ẹ wá!"

"Bàtà kẹ̀?"

"Màmá kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà! Ibi tí bàtà Màmá bá wà, Màmá ò jìnnà!"

Dádì wo Mọ́mì. Mọ́mì wo Dádì. "Ọmọ yìí gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ," ni Mọ́mì wí. "Ó yá, ẹ sáré! Èmi á dúró ti ọkọ̀ yìí. Kò sí ibi tó ń lọ!"

Pà-pà-pà-pà! Fèyí àti Dádì sáré gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n dé ilé àdúrà kan. Ṣé bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà?

Rárá. Ológbò ló sùn síbẹ̀. Míáwù.

"Kò sí bàtà," ni Fèyí wí. "Màmá ò sí níbí."

Pà-pà-pà-pà! Wọ́n dé ilé àdúrà mìíràn. Ṣé bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ó wà! Ṣùgbọ́n bàtà ńlá dúdú ni, ọ̀dà funfun sì ta sí i lára. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ó ń kun ògiri. Ó juwọ́ sí wọn.

"Bàtà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Màmá," ni Fèyí wí. "Màmá ò sí níbí."

Pà… pà… pà… Ó ti ń rẹ Dádì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n dé ilé àdúrà mìíràn. Ṣé bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà?

Rárá. Ìkòkò òdòdó nìkan ló wà níbẹ̀.

Fèyí yíjú sí Dádì. "Dádì, ṣé a ò ní rí Màmá mọ́ ni?"

"A máa rí wọn," ni Dádì wí. Ó di ọwọ́ Fèyí mú gírígírí.

Hau! Hau! Ajá kékeré kan sáré sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan wà lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan náà jẹ́ aláwọ̀ ewé. Òdòdó funfun wà lórí rẹ̀.

"BÀTÀ MÀMÁ!"

Ajá ju bàtà sílẹ̀, ó ń ju ìrù. Fìrì-fìrì-fìrì.

"Níbo lo ti rí i?" ni Fèyí bi í.

Ajá náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yí padà, ó sáré gòkè. Fèyí gbé bàtà, ó sáré tẹ̀ lé e. Dádì náà tẹ̀ lé Fèyí.

Lókè téńté, wọ́n dé ilé àdúrà tó kéré jù lọ. Ṣé bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ó wà! Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo. Aláwọ̀ ewé, olódòdó funfun.

"Bàtà rèé! Màmá wà nínú ilé!"

Fèyí fẹ́ sáré wọlé. Àh-àh! Ó dúró. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀. Pò! Pò! Ìgbà yẹn ló tó wọlé.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omijé wà lójú wọn. "Fèyí mi! Mo ti rò pé ọkọ̀ ti gbé yín lọ!"

Fèyí dì mọ́ wọn lọ́rùn. "Ẹ̀rù bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù ba èmi náà, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ tán, mo jáde, mi ò rí ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́. Ilẹ̀ ìta sì gbóná bíi páànù àkàrà! Mo gbé ẹsẹ̀ lé e, yéè! Mo tún gbé e lé e, yéè! Ni mo bá sá wọlé padà. Mo pè yín títí, ẹ ò gbọ́."

Fèyí gbé bàtà jáde. Àmì eyín ajá wà lára rẹ̀. Okùn rẹ̀ ti já.

Púùùùùùùùn!

"Ọkọ̀ ń lọ!" ni Dádì ké.

"Eékún mi ò lè sáré," ni Màmá wí. "Bàtà yìí ò sì ṣe é wọ̀."

Dádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú wọn. "Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Èmi? Dámiláre, ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi ló kàn báyìí."

Màmá wo Dádì. Màmá wo òkun. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mi ò gba ọ̀já o!"

Pà-pà-pà-pà! Fèyí ti wọ bàtà tirẹ̀, òun ló ṣíwájú, ó ń ju bàtà aláwọ̀ ewé méjèèjì sókè. Dádì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajá wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Wọ́n kọjá ọkùnrin tó ń kun ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lórí àkàbà. Wọ́n kọjá ológbò. Míáwù!

Nísàlẹ̀, Mọ́mì gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́! Ìyá wa ń bọ̀! Ẹ wò wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń bọ̀!"

Ọkùnrin tó ń tú okùn ọkọ̀ wòkè. Ó rí Fèyí. Ó rí Dádì. Ó rí Màmá lẹ́yìn Dádì. Ó fi okùn sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Gìdì! Wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ rọra kúrò létí omi.

Dádì sọ Màmá kalẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká ka ara wa," ni Fèyí wí. "Dádì ńkọ́?"

"Mo… hẹlẹ… wà!"

"Mọ́mì ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Èmi náà rèé. Màmá ńkọ́?"

"Mo wà, Fèyí mi. Mo wà, mo wà, mo wà!"

"A PÉ!" ni Fèyí kígbe. Ara gbogbo wọn wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mọ́mì bá dìde fùú. "Àpótí ńkọ́?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn. Àpótí wà létí omi lọ́hùn-ún, òun nìkan. Ajá kékeré ti jókòó lé e lórí.

Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀: "Àpótí ló lọ, ènìyàn ò lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dé èbúté. Aṣọ tó dọ̀tí ló ṣáà kún inú àpótí náà.

Ọjọ́ Àìkú tún ti dé. Fèyí àti Mọ́mì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ti ń dún nínú ilé. Bàtà ti tò lọ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàtà ńlá. Bàtà kékeré. Bàtà tó ń dán. Bàtà tó ń rùn.

Bàtà aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ó rèé! Màmá ti gán okùn rẹ̀. Àmì eyín ajá ṣì wà níbẹ̀.

Fèyí bọ́ bàtà tirẹ̀. Pò! Pò! Ó tò ó ti bàtà Màmá tímọ́tímọ́, ó sì wọlé lọ bá wọn.