Obìnrin Inú Páìpù

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ní àdúgbò Tokoin Wuiti, lọ́sàn-án gangan.

Àbúrò mi, Fàòsíyà, ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato. Ọkọ rẹ̀, Ọlábọ̀dé, ń ṣe ìwádìí nípa ìró ní yunifásítì. Ó to páìpù kéékèèké pọ̀ bí afárá oyin sórí tábìlì nínú yàrá ẹ̀yìn. Bí o bá sọ̀rọ̀ sí igun kan, ọ̀rọ̀ náà kì í wọ àárín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa gbà lọ, yóò yí gbogbo kọ̀rọ̀, yóò sì jáde ní igun kejì. Kódà bí o bá yọ páìpù kan lójú ọ̀nà, yóò yà fún àlàfo náà, yóò máa lọ.

"Kì í padà sẹ́yìn láé," Ọlábọ̀dé á wí. Ojú rẹ̀ á máa dán.

Ojú dídán yẹn ni àbúrò mi ń jowú. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń wo òun nígbà tó ń fẹ́ òun sọ́nà.

Lọ́jọ́ kan, ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Ẹ gbọ́."

Ọlábọ̀dé ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Obìnrin kan ń dá a lóhùn.

Fàòsíyà ti ilẹ̀kùn ṣí. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ohùn tìrẹ ni. Mo gbà á sórí fóònù láàárọ̀, mo fi ń dán an wò."

Mo mọ ohùn àbúrò mi. Kì í ṣe òun.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde, a wọlé. Kò sí fóònù níbẹ̀. Ẹ̀rọ kankan kò tàn. Ìró alùpùpù tó máa ń kún òpópónà pàápàá ti dákẹ́.

Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sí igun àkọ́kọ́. Èmi gbé etí sí èkejì.

"Fi ọkọ mi sílẹ̀."

Mo dúró, mo dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Láti ibi tó ti sọ̀rọ̀ gan-an, lábẹ́ imú rẹ̀, ohùn kan padà wá. Ó rọra, ó tutù.

"Ọkọ ta ni?"

Fàòsíyà fa àwọn páìpù náà tú ká. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ọlábọ̀dé dé, ó wo ilẹ̀. A ń retí ìbínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká bu omi fún òun.

Kò to páìpù kankan mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jẹun, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ọlábọ̀dé dédé kọjú sí ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí Fàòsíyà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni."

Mo wo àbúrò mi. Òkèlè kún ẹnu rẹ̀. Ó ń wo ògiri náà bí ẹni ń wo orogún.