Orin Japan Tí Mo Túmọ̀ fún Ẹ̀rínọlá

"Gbádébọ̀, ìwọ lo ní o gbọ́ èdè Japan. Kí ni obìnrin yìí ń sọ nínú orin yìí?"

Ẹ̀rínọlá ti fóònù bọ̀ mí létí. Gbogbo kíláàsì wa ní Òkukù yí wa ká. Èmi náà kúkú ni mo ti pariwo ẹ̀ dé Inísà pé tá a bá yọ ọba Japan kúrò, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè yẹn tó mi láyé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí kọ́ nínú fíìmù ọmọdé, èébú sì ni méjì níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni màmá Ẹ̀rínọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní Japan. Látìgbà ọdún Àjíǹde, wọn ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Orin yìí nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní: "Gbajúmọ̀ olórin ibí ló kọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré, tí ayé ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnu mi ò lè sọ ló wà níbẹ̀. Wá ẹni túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ."

Mo dijú bíi wòlíì. "Ó ní, 'Ọmọ mi, mò ń bọ̀ nílé. Tí iṣu tuntun bá ti dọ́jà, wá pàdé mi ní gáréèjì Ìkìrun.'"

Titus tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Gáréèjì Ìkìrun? Nínú orin Japan?"

"Ìwọ gbọ́ ọ ni? Olódo!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àmọ́ omi ti lé sójú Ẹ̀rínọlá, ó ń dúpẹ́. Ó yẹ kí n sọ pé eré ni mò ń ṣe. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ tá a ṣe ìṣirò nínú ìdánwò NECO, àga Ẹ̀rínọlá ṣófo. Àná ẹ̀ ni iṣu tuntun dọ́jà. Mo ti mọ ibi tó lọ. Bí mo ṣe kọ tèmi tán, mo bọ́ sọ́kọ̀. Gáréèjì Ìkìrun ni mo ti bá a, nínú aṣọ ọdún ẹ̀, ó ń wo ojú gbogbo obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀rínọlá, irọ́ ni mo pa. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀."

"Lọ jàre. O ò fẹ́ kí n rí màmá mi ni?"

Ó tún pè wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbé e, ohùn wọn sì ń dún síta dé etí mi.

"Mọ́mì, ibo lẹ dé? Mo ti wà ní gáréèjì o!"

"Gáréèjì wo? Ẹ̀rín mi, ṣé wọn ò túmọ̀ orin yẹn fún ẹ ni?" Wọ́n wá fẹnu ara wọn túmọ̀ ẹ̀. "Ó ní, 'Má dúró dè mí mọ́.' Mo ti lọ́kọ níbí. Mo ti bímọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹ̀rínọlá jókòó sínú erùpẹ̀. Irú igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Èmi tí mo lè fi ọ̀rọ̀ kún odò Ọ̀tìn, mo jókòó tì í nínú erùpẹ̀ náà.

Ká ní mo sọ pé mi ò gbọ́ ọ, tó wá ẹlòmíì túmọ̀ orin yẹn, mo mọ̀ pé ì bá ṣì dùn ún. Ṣùgbọ́n ì bá ti sunkún ẹ̀ tán nílé, kó sì wá ṣèdánwò. Lọ́dún yìí, èmi ti jáde, àmọ́ torí ìṣirò tí ò ṣe, òun àtàwọn àbúrò wa ló jọ wà ní kíláàsì. Tí mo bá kí i, kì í dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, "mi ò mọ̀" ò pa ẹnikẹ́ni rí. Irọ́ tí mo pa torí àtẹ́wọ́ ìṣẹ́jú kan, odidi ọdún kan ló gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.