Ìyá Tó Fẹ́ Kú sí Káṣì

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, lágbedeméjì àsìkò òjò, nígbà tí ọbabìnrin àwọn òyìnbó ń ṣàkóso ilẹ̀ Bẹ̀ńgálì. Gobardhan ahunṣọ jókòó sí àgbàlá ilé rẹ̀, ẹrù wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fọn fèrè ní ìdíkọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Bhuban, amọ̀nà tó máa ń kó àwọn ará abúlé lọ sí ìlú mímọ́, ti na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kò dára fún ìrìnàjò. Ẹ jẹ́ kí wákàtí burúkú yìí kọjá ná."

"Ẹ kú ọgbọ́n o, Baba Amọ̀nà," ni Ìyá Punti wí, opó ẹlẹ́nu mímú kan nínú àwọn tó fẹ́ bá wọn rìnrìn àjò náà. "Wákàtí burúkú á kọjá, ọkọ̀ náà á sì kọjá. Ṣé ẹ ó pọ̀n wá dé Káṣì ni?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Gobardhan ò lè rẹ́rìn-ín. Khiroda ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní, aṣọ opó funfun lára, orí fífá, egungun lásán. Ikọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí màmá náà ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí òun kú sí Káṣì, ìlú mímọ́ náà, nítorí ẹni tó bá kú síbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnwá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá kú sí òdìkejì odò Gáńgà tó ṣàn níwájú ìlú náà, ní àwọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni yóò tún ayé wá.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ ààwẹ̀ àwọn opó. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, opó kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ tàbí omi.

Wọ́n há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì onípákó, ooru mú, èéfín ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ní ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan, olómi tó gbé korobá bàbà ń kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Gobardhan ra ife kan.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tọ́ ọ wò."

"Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, mi ò ba ààwẹ̀ yìí jẹ́ rí. Ṣé ẹnu ọ̀nà ni kí n ti wá da omi agbè mi nù?"

"Ẹ̀ ń kú lọ o!"

"Kíkú ni mò ń lọ kú, Gobardhan. Àbí o ti gbàgbé ni?"

Ìyá Punti, tí ètè tirẹ̀ náà ti là, gba ife náà. "Fi ìyá ẹ sílẹ̀, jàre." Ó fi omi náà rin etí aṣọ rẹ̀, ó sì ń nu ẹsẹ̀ màmá náà jẹ́ẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí ojú irin tán. Etí odò Gáńgà ló tán sí, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò dára. Káṣì nà gbalaja lókèèrè: àtẹ̀gùn òkúta, ilé òrìṣà, èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun òkú. Khiroda rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní omi tòhún ni òun yóò fi ṣínu.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń so ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ṣe afárá níbẹ̀; òjò ti mú kí wọ́n tú u. Odò ti kún, ó ń yí igi lódindi. Gobardhan wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ olórí atukọ̀ mú.

"Ẹ gbà mí, ọ̀gá. Ìyá mi ni."

"Mo rí i. Irú wọn ni mò ń rí lójoojúmọ́. Tí mo bá tu ọkọ̀ nísinsìnyí, gbogbo yín lẹ ó jọ bá omi lọ. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀."

"Ká ní a wọ ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀," ni Ìyá Punti wí, "àná la bá ti dé." Bhuban yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀sán ti pọ́n kí atẹ́gùn tó rọ̀. Wọ́n gbé Khiroda sínú ọkọ̀. Ní àárín odò, ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí Gobardhan dì mú dẹ̀.

"Ìyá?"

"Ó ti dé," ni Bhuban sáré wí. "Omi Káṣì nìyí."

Atukọ̀ mi orí. "Baba, mo ti tu ọkọ̀ níbí dàgbà. Mi ò rí ààlà lórí omi rí."

Wọ́n sun ún ní Káṣì. Gobardhan bi àwọn àlùfáà léèrè bóyá ìyá òun ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnwá, èsì wọn ò bára mu. Kò padà sílé mọ́. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá onírin sórí odò náà, ó di alágbàṣe tó ń ru òkúta. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n jẹ́ kí àwọn alágbàṣe wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn ń ju òdòdó sómi, wọ́n ń ké orúkọ òrìṣà. Gobardhan yọ orí lójú fèrèsé, ó ń wá ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dẹ̀. Omi náà rí bákan náà níbi gbogbo. Kó tó nu ojú rẹ̀ tán, wọ́n ti dé Káṣì.