Oúnjẹ Ẹ̀yìn Àká

Sọ̀fíyàt bímọ ní àárọ̀ ọjọ́ Alámìísì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Ọmọ náà yè. Samsudeen, ọkọ rẹ̀, gbé e dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Florence ní Ìgbòho, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. Ní abúlé wọn lójú ọ̀nà Kìṣí, kò sẹ́ni tó bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó pa á. Ara wọn ni wọ́n ń bi.

Ìdáhùn kò pẹ́. Ìyá Àpọ́nlé ni.

Ìyàwó kejì bàbá Samsudeen tó ti dolóògbé ni Ìyá Àpọ́nlé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àpọ́nlé náà sì kú níbi tó ti ń bímọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti jẹ tirẹ̀ tán, ó kan ti orogún rẹ̀. Ó ń sin awó. Orí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ni àwọn ẹyẹ náà ń sùn sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn aboyún á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Fàtímọ̀, ìyálé rẹ̀, ìyá Samsudeen, kò pè é ní àjẹ́ lójú rẹ̀. Ó kàn ń sọ fún àwọn tó wá kí i pé ẹyẹ ń ké, ọmọ ń kú.

Mujeebat, ìyàwó Ṣùkúrù àbúrò Samsudeen, ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún nígbà náà. Fàtímọ̀ gba oúnjẹ rẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní aboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kí ọmọ má baà ya olè. Kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí itọ́ má baà máa dà lẹ́nu ọmọ. Kò sì gbọdọ̀ yó, kí ọmọ má baà tóbi jù nínú. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ọkà díẹ̀ àti ilá lálẹ́. Ohun tí Sọ̀fíyàt náà jẹ nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin, òòyì kọ́ Mujeebat lóko, ó ṣubú lórí ebè. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ní àjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi í sílé, àwọn yòókù lọ sóko. Ọ̀sán gangan ni Ìyá Àpọ́nlé pè é sí ẹ̀yìn àká. Ó ṣí àwo: ẹyin awó sísè, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ màlúù. Mujeebat kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá, wọ́n ní..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Bí mo bá fẹ́ pa ọ́, ebi tí wọ́n ń fi pa ọ́ yẹn ti tó. Jẹun."

Ó wá sọ fún un pé òun náà ka èèwọ̀ yìí fún Àpọ́nlé nígbà tó lóyún, ọmọ òun sì gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ọmọ inú kì í dúró de oúnjẹ. Bí ìyá kò bá jẹun, ara ìyá ni yóò jẹ.

Mujeebat jẹ ẹ́. Ó lá àwo. Lẹ́yìn náà ó di ẹsẹ̀ ìyá náà mú. "Ẹ bá mi bò ó. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé."

"Wọn ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń pàdé níbẹ̀. Ara Mujeebat padà bọ̀ sípò. Ìyá Àpọ́nlé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ọmọ náà bá ya olè, kó kọ́kọ́ jí ẹran inú ìkòkò ìyálé òun.

Òjò ńlá kan rọ̀. Adìẹ tú ẹ̀yìn àká, èèpo ẹyin tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀ hàn síta. Fàtímọ̀ ṣà á, ó kún igbá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó gbé e síwájú ẹbí. Ó ní oyún tí wọ́n ti jẹ ni èèpo kọ̀ọ̀kan.

Samsudeen bi Ìyá Àpọ́nlé ta ló jẹ ẹyin wọ̀nyí. Kò dáhùn.

"Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ẹgbẹ́ rẹ̀," Fàtímọ̀ ní. "Òun àti ọmọ tó bá bí." Ó yíjú. "Mujeebat, ó fún ọ lóúnjẹ rí?"

Ìyá Àpọ́nlé wo Mujeebat lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu aboyún náà ni yóò gbà á là.

Mujeebat fọwọ́ bo ikùn rẹ̀. "Wọ́n fún mi," ó ní. "Mo dà á nù."

Wọn kò jẹ́ kí Ìyá Àpọ́nlé sùn níbẹ̀ mọ́jú. Samsudeen fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ilero. Ohun kan ni ìyá náà sọ lọ́nà: kí Ṣùkúrù tètè gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì bó bá ti ń rọbí. Samsudeen rántí Sọ̀fíyàt, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Mujeebat bímọkùnrin ní Ìgbòho. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀. Nọ́ọ̀sì dá a dúró. Ó jáde sí àwọn ará ilé, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Sọ̀fíyàt, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára èyí kó tó rọbí. Ó béèrè ẹni tó ń fún un ní ẹyin àti ẹ̀wà.

Fàtímọ̀ ní òun ni òun tọ́jú rẹ̀, ẹyin kankan kò kan ẹnu rẹ̀.

"A jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bọ́ Mujeebat, Ìyá," nọ́ọ̀sì ní.

Samsudeen wọlé tọ Mujeebat. "Ṣé lóòótọ́ lo dà á nù?"

Ó kọjú sí ògiri. "Mo jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́."

Samsudeen jáde, ó wo ìyá rẹ̀ títí. "Ẹ̀yin lẹ bọ́ Sọ̀fíyàt," ó ní. Fàtímọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, Samsudeen gbé Mujeebat àti ọmọ lọ sí Ilero. Ìyá Àpọ́nlé ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mujeebat kúnlẹ̀. Samsudeen dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ti gbá yàrá rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ kó máa bọ̀ nílé.

Ìyá Àpọ́nlé gba ọmọ náà. Ó gbé e wò, ó wúwo. Ó dá a padà fún Mujeebat.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mo ń jẹun, Ìyá."

"Samsudeen, ìwọ àti ìyá rẹ lé mi torí pé ẹ kò mọ̀. Mo ti gbàgbé ìyẹn." Ó kọjú sí Mujeebat. "Ìwọ mọ̀."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Kò tún gbójú sókè títí wọ́n fi lọ.